Kọ́ọ̀pù Elétí Pupa Tó Sọnù Nílé Wa

Abà Oníyẹrè,
Lọ́nà Ẹgbẹ́dá.

Àjàní ọmọ mi,

Kí o tó ka lẹ́tà yìí, wá ibi jókòó sí. Bí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ, gbé e tì ná. Ọ̀rọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀ nílé, n kò sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọkọ̀. Kọ́ọ̀pù tánganran funfun, èyí tí etí rẹ̀ pupa, tó máa ń wà lórí ìdérí àmù, ti sọnù. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni a ti ń wá a. A ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ti tú agbọ̀n tí adìẹ ń yé sí, mo sì ti pe gbogbo ará ilé jọ, mo fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìyá rẹ, ó ní, "Baba Àjàní, ṣé ọlọ́pàá náà ń bọ̀ ni?" Nígbà tó kan Àǹtí rẹ Àbẹ̀kẹ́, ó ní òun kò rí olè kankan. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sán àná náà ni awakọ̀ Moniya já lẹ́tà rẹ fún wa, mo sì kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ rẹ. Ǹ bá sọ pé wàhálà kọ́ọ̀pù kò jẹ́ kí n lè ronú sí lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bí mo ṣe ń wá kọ́ọ̀pù náà ni mo ń rántí ohun tó gbé e dé ilé wa, bí mo sì ṣe ń rántí ni inú ń bí mi sí ọ, tó sì ń bí mi sí ara mi.

Mo kọ́kọ́ kí ọ kú oríire. O ní wọ́n ti fún ọ ní káákì àti kẹ̀kẹ́, àti pé bí o bá ti ń yọ lókè wọ abúlé tí wọ́n rán ọ lọ lẹ́yìn Ìrókò, àwọn obìnrin a máa pariwo "Wolé-wolé dé o!", wọn a sì máa da omi àmù nù, títí kan èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn bọ̀ láti odò. Inú mi dùn. Iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ ni ọmọ mi gbà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ojú ìwé kejì.

O ní ọmọbìnrin kan wà lábúlé náà tó ń jẹ́ Ràbíátù, ọmọ ọdún méje, ọmọ Múníru tó ń dáko ẹ̀gẹ́. O ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú, pé láàárín oṣù méjì ó ti tó ọsàn, eyín rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ kan sì ti ń yọ síta. O ní ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, baba rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò yà sí. Àwọn aládùúgbò wá bá ọ, wọ́n ní kí o wá nǹkan ṣe sí i kó má baà ran ọmọ tiwọn. Olùkọ́ rẹ̀ ti ní kó jókòó sílé. Ìwọ náà wá pinnu pé wàá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn Múníru, kí wọ́n kó ọmọ náà lọ sí ahéré oko lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. O wá fi ọ̀rọ̀ kan parí rẹ̀: "Bàbá mi, ẹ̀yin náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn tó lágbára sí i."

Gbólóhùn tó lágbára lo fẹ́? Gbà: ìwà òmùgọ̀ ni.

Bí ìyẹn kò bá lágbára tó, òmíràn ń bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kọ́ọ̀pù yẹn fún ọ. Láti kékeré lo ti ń rí i nílé wa, kò sì sẹ́ni tó sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ọ rí. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Èmi ni mo dákẹ́.

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí a wọ ṣòkòtò tuntun fún ọ lọ sílé ìwé, ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ lọ́dọ̀ wolé-wolé. Má jẹ́ kí n parọ́ fún ọ, n kì í ṣe wolé-wolé gan-an. Èmi ni mo ń gbé garawa, èmi ni mo ń po àtè tí a fi ń lẹ ìwé. Ṣùgbọ́n a kì í kọ ipò sára káákì. Abúlé tí a bá wọ̀, ọ̀gá mi àti èmi ni wọ́n jọ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n dìde.

Ọdún náà ni nǹkan yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Àkàrà ló ń dín lẹ́bàá títì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ̀nà Làgelú sì ti mú ẹbí rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀. Nǹkan náà kò ju ẹ̀kùrọ́ lọ, kò sì dùn ún. Ìyá wa ní ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni, wọ́n fi wáàjì kùn ún. Oṣù kan kọjá, ó wà níbẹ̀. Wọ́n tún fi wáàjì kùn ún. Ó tó orógbó. Wáàjì. Ó tó ẹyin adìẹ. Wáàjì. Ọmọ mi tó kàwé, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ wo ló ń bá ni ṣe Kérésì lẹ́ẹ̀mẹta láìdágbére? Gbogbo abà ló ń rí i, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè. Orúkọ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a fún un, nítorí ó rọrùn ju kí àgbàlagbà la ẹnu sọ pé òun kò mọ̀ lọ.

Àwọn ọmọ ìdí ọkọ̀ a máa pè é: "Àbẹ̀kẹ́, gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ mì ná, kí o tó kí wa."

Òun náà a dá wọn lóhùn pé: "Ìyàn ń bọ̀. Mo fi tèmi pamọ́ ni. Ẹ̀yin ẹ máa jẹ tiyín tán."

Wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá délé, a fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́, títí a fi gbàgbé bí ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni kò ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àfi èrò ọkọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wọ káákì ṣe? Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "àkóràn" lẹ́nu ọ̀gá mi nígbà mẹ́ta, mo sì gbà pé mo ti kọ́ ọ yege. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn gan-an, mo ra kọ́ọ̀pù elétí pupa lọ́jà, mo pe Àbẹ̀kẹ́ síwájú gbogbo ilé, mo ní, "Tìrẹ nìyí. Má fẹnu kan tiwa mọ́." Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá mi." Ó kúnlẹ̀ gbà á. Àjàní, ó kúnlẹ̀ gbà á! Ọdún mẹ́tàlá nìyí, eékún yẹn kò tíì dìde nílẹ̀ lójú mi.

Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Mo tún mú abala ìwé kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi láti ibi iṣẹ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: "NÍPA ÀṢẸ, KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ ṢE WỌ YÀRÁ YÌÍ." Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Àṣẹ ta ni? N kò kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí kò sí. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí i. Obìnrin náà kò mọ̀wé, ó wá bẹ ìwọ ọmọ kíláàsì kìíní pé kí o ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn fún òun. Nínú gbogbo ìwé yẹn, "má" àti "wọ" nìkan ni o lè kà.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó yí padà. Wọn kò tún wá sílé wa mọ́.

O kò mọ ohun tí o kà nígbà náà, ọmọ mi, n kò sì bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n ìsinsìnyí o mọ ìwé kà dáadáa. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí tí a bá kọ sílẹ̀ sì tún wúwo ju èyí tí a fẹnu sọ lọ, nítorí ẹni tó kọ ọ́ a ti lọ sílé lọ sùn, ìwé a ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa lé ènìyàn.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà wá. Ọkọ̀ tó wọ̀ dúró láti bu omi, ó sọ̀ kalẹ̀ ra àkàrà lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́, ó sì rí gèlè lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Tú u kí n wò ó. Ta ló ti bá ọ tọ́jú rẹ̀?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Bọ̀ọ̀dá mi ni. Wolé-wolé ni wọ́n."

Nọ́ọ̀sì ní, "Wolé-wolé? Ṣé inú ẹnu rẹ ni ẹ̀fọn ń yé sí ni?"

Ọ̀sẹ̀ náà ni a lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn. Mo tẹ̀lé e, mo sì jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì létí ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí mi. Dókítà náà kò dàgbà tó mi. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, sà."

"Kí ló wá gbé yín sẹ́nu ọ̀nà?"

"Nítorí àkóràn ni, sà."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lásán di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbẹ̀kẹ́ mú, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó wá ní, "Kókó ló hù nínú egungun àgbọ̀n. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ègún, kì í sì í ràn. Ẹ fi kọ́ọ̀pù kan náà mu omi fún ogún ọdún, kò lè ràn yín. Ohun kan ṣoṣo tó lè ranni nínú yàrá yìí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń sọ yẹn." Ó tún ní, "Bó bá jẹ́ pé ẹ mú un wá nígbà tó kéré, ìwọ̀nba díẹ̀ ni à bá gé. Ní báyìí, àgbọ̀n apá kan ló máa lọ. Kí ló dá yín dúró?"

Àbẹ̀kẹ́ ló dá a lóhùn: "Ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni, dókítà. Ó ní ká mú sùúrù fún òun."

Wọ́n gé e. Ó san. O mọ̀ ọ́n bó ṣe wà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tẹ̀ wọnú, omi a máa ro sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ bó bá ń mu ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa yọ̀ díẹ̀. Bó ṣe dé láti ọsibítù ni mo fi káákì sílẹ̀, mo padà sídìí kòkó mi. Mo fẹ́ da kọ́ọ̀pù yẹn sígbó. Àbẹ̀kẹ́ ní kí n má dán an wò, ohun tí wọ́n fún òun ni. Ó gbé e sórí àmù, ibẹ̀ ló sì wà títí di àná.

Ìmọ̀ràn mi wá nìyí. Mo fẹ́ tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, bí ọ̀kan bá fo òmíràn, bá mi tún un tò.

Èkíní. Má fi orúkọ tí o mọ̀ pe àìsàn tí o kò mọ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní ìgbóná, wọ́n kọ́ ọ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àwọn wọ̀nyẹn ń ràn lóòótọ́. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó bá wú ló ń ràn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ikùn àwọn olówó Ìbàdàn ì bá ti ran gbogbo wa. Ẹnu káákì kì í ya láti sọ pé "n kò mọ̀, ẹ jẹ́ ká bi dókítà." Ṣe é ní àṣà. Bó o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní korò tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èkejì. Àwọn tó wá bá ọ pé kí o lé ọmọ ọlọ́mọ, má kọ́kọ́ bínú sí wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Àwa náà bẹ̀rù. Pe wọ́n jọ. Sọ fún wọn pé kókó yìí kì í ràn. Jókòó ti ọmọ náà lójú wọn, kí ẹ jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan. Lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí o bi í bóyá àga tí Ràbí ń jókòó lé ti wú. Ibi tí káákì ti wúlò nìyí, kì í ṣe ibi ìkòkò omi nìkan. Ẹni tó bá sì gbọ́ tí kò gbà, tó tún ń fọ́n ìbẹ̀rù káàkiri, ìgbà náà ni kí o tó bínú. Bínú dáadáa. Mo fún ọ láṣẹ, ìyẹn sì ni àṣẹ àkọ́kọ́ tó ní ẹni tó ni ín tí yóò ti ọwọ́ mi jáde.

Ó kù èyí: wọn yóò sọ fún Múníru pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Nínú ìjọ Aládùúrà tiwa níbí, alàgbà kan dìde, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu ni, pé Àbẹ̀kẹ́ ti bú ìyá rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu bá ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, inú ọmọlanke ni alàgbà yẹn ì bá máa ti tirẹ̀ kiri. N kò bá àdúrà jà. Mò ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́, Múníru náà ń kírun tirẹ̀ ní ìgbà márùn-ún. Ta ló wá sọ pé àdúrà kò lè wọkọ̀ lọ sí ọsibítù? Ṣé Ọlọ́run kò mọ ọ̀nà Ìbàdàn ni?

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, èyí tó bá jẹ́. Bí o bá ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ni kí o máa wò, má wo kókó. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já geere, dúró dè é, má bá a parí rẹ̀. Má pè é ní "ẹni ẹlẹ́ni" létí ara rẹ̀. Bó bá lè rìn, rán an níṣẹ́ bí o ṣe ń rán àwọn yòókù. Àbẹ̀kẹ́ sọ fún mi pé kì í ṣe ìjọ́ tí mo fún òun ní kọ́ọ̀pù ni òun mọ̀ pé a ti ń kà òun mọ́ òkú. Ó ní ìjọ́ tí ìyá wa fẹ́ ra iyọ̀, tó wo òun tí òun jókòó lásán, tó wá rán ọmọ ilé kejì ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ wá kù. Ti Ràbí kì í ṣe irú ti Àbẹ̀kẹ́. Ti Àbẹ̀kẹ́ rọra fi ọdún mẹ́ta wú, ti ọmọ yìí gba oṣù méjì. Nígbà tí a padà lọ kí wọ́n tún Àbẹ̀kẹ́ yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, dókítà fi yàrá kan tí àwọn ọmọdé wà hàn wá. Ó ní irú kan wà tó ń mú ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́, pé eré ló ń sá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí àwọn ń fún wọn tó ń mú kí ti ẹlòmíràn yọ́ lọ, bí wọ́n bá tètè gbé e wá. Kò ṣèlérí fún mi, èmi náà kò ní ṣèlérí fún ọ. N kò mọ̀ bóyá èyí ni. N kò mọ̀ bóyá Ràbí yóò yè. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ahéré oko yóò ṣe fún un. Ọ̀sẹ̀ kan tí o fẹ́ fi lẹ ìwé, ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọ náà ní. Má bá a ná an.

Múníru lè kọ̀. Wọ́n á ti sọ fún un pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí ọsibítù kì í bọ̀. Má halẹ̀ mọ́ ọn, má fi sámáǹsì dẹ́rù bà á. Ẹni tó bọ̀ ń bọ̀ wá bá a.

Ẹni tó gbé lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ ni mò ń sọ. Láàárọ̀ yìí ló wọlé tọ̀ mí wá, ó ti di ẹrù, kò di gèlè mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tètè kọ ọ́ tán, ọkọ̀ Moniya kò ní dúró."

Mo ní, "Níbo lò ń lọ?"

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Ràbí. Ìyá rẹ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ta ni yóò jókòó tì í ní ọsibítù? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹnu ọ̀nà ni?"

Nítorí náà, Àjàní ọmọ mi, dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí rẹ. Ìwọ lo ka ìwé yẹn tí ọkọ fi lọ, òun náà ló sì pọ̀n ọ́ lọ sílé ìwé ní ọjọ́ kejì. Fún un lómi nínú kọ́ọ̀pù tìrẹ, ní gbangba, lójú àwọn aládùúgbò. Bó bá mu ún kù, kí o mu èyí tó kù. Lẹ́yìn náà, gbé Ràbí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ìjọba, kí Múníru dì í mú, kí ẹ jọ lọ pàdé ọkọ̀ ní Ìrókò. Bí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé ìkòkò omi mélòó lo yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, sọ pé o kò rí ààyè, kí o fi orúkọ mi sí i.

Mo ti ka gbogbo èyí fún Àǹtí rẹ létí, nítorí kò gbà láti gbé ẹrù tí òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ó dára, àfi ibì kan. Ó ní kí n mú abala ìwé mìíràn, kí n kọ ọ́ gàdàgbà bí mo ṣe ń kọ ọ́ láyé ọjọ́sí, kí o lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibikíbi tó bá wù ọ́.

Èmi ni baba rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Gbádébọ̀.

ÌKÉDE

NÍPA ÀṢẸ ÀBẸ̀KẸ́. Kí gbogbo ará ilé àti ará ọ̀nà mọ̀ pé a ti rí kọ́ọ̀pù funfun elétí pupa. Kò sọnù. Inú ẹrù ẹni tó ni ín ló wà, ó sì ń bá a lọ. Ẹni tó ni kọ́ọ̀pù fẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn pé òun kò bá ẹnikẹ́ni fi ẹnu kan mu omi, nítorí láti ọdún mẹ́tàlá ni òun ti ń wo obì tó há sáàárín eyín akọ̀wé ìkéde yìí, òun sì mọ̀ bó ṣe ń ṣan kọ́ọ̀pù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹnu kàn án, àyàfi Ràbíátù ọmọ Múníru nìkan. Ẹlòmíràn tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kí ó mú tirẹ̀ wá.